Olè Ò Wọlé Mi, Síbẹ̀ Mo Sanwó Ẹ̀

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé àdúgbò wa, lẹ́yìn Ìwó Róòdù ní Ìbàdàn, èmi ni mo máa ń kọ gbogbo ohun tá a bá sọ ní mítìn sínú ìwé. Ní mítìn oṣù tó kọjá, Màmá Alákàrà dìde, wọ́n sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n jókòó. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí ìwé wò, ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: "Màmá Alákàrà sọ̀rọ̀ lórí géètì." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá kọ odindi ojú ìwé kan lórí iye tí wẹ́dà fẹ́ gbà kó tó tún géètì kan náà jó.

Mo ka ìlà kan yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ojú tì mí. Torí ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ ló tóbi jù nínú gbogbo ohun tá a sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí wọ́n sọ

Ẹ̀yin náà mọ bí géètì àdúgbò ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, mi ò ní fa ìyẹn gùn. Olè wọ ilé mẹ́ta lóru ọjọ́ kan, oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gé kébù tiráńsífọ́mà lọ, a ṣe mítìn, a dáwó, a gbé géètì sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì, a gba ọdẹ méjì. Aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́ wọ́n á tì í, aago mẹ́fà àárọ̀ wọ́n á ṣí i. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi gan-an ni mo sì dá a lábàá pé ká má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́, pé kọ́kọ́rọ́ tó bá ti pọ̀ jù kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Ohun tó gbé Màmá Alákàrà dìde ni pé wọ́n ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó ọdẹ, orúkọ tiwọn sì wà níbẹ̀, gbèsè oṣù méjì. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Alága, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sọ pé mi ò ní san. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni mo máa ń gbé ẹ̀wà lọ sídìí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, tó bá fi máa di aago márùn-ún kọjá díẹ̀, òróró mi ti gbóná. Àwọn dírẹ́fà tó ń kó èrò lọ Èkó, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ló ń ra ọjà mi, kó tó di aago mẹ́fà àbọ̀ mo ti tà ju ìdajì lọ. Ní báyìí aago mẹ́fà lẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún mi. Kí n tó lọ ẹ̀wà, kí n tó dáná, ọkọ̀ ti lọ. Kóńgò méjì ni mò ń dín tẹ́lẹ̀, kóńgò kan kì í tán mọ́. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà ládùúgbò yìí, olè ò jí nǹkan mi rí. Géètì yìí ló ń jí ọjà mi."

Ilé dákẹ́ díẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹ ṣé Mà, a ti gbọ́." Alága ní ká lọ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn, ọ̀rọ̀ wẹ́dà nìyẹn. Èmi náà ṣí ojú ìwé tuntun.

Mo ṣírò tèmi

Lálẹ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo mú bírò, mo ní kí n ṣírò ohun tí olè ti gbà lọ́wọ́ èmi náà láàárín ọdún kan. Mo rò pé òdo ni màá kọ, torí olè ò wọlé mi, wọn ò já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Owó ọdẹ, ₦4,000 lóṣù, ₦48,000 lọ́dún. Owó géètì, ₦25,000. Owó kébù tá a dá nígbà tí àwọn oníná sọ pé tá ò bá fẹ́ wà nínú òkùnkùn títí, ká wá nǹkan ṣe sí i fúnra wa, ₦18,000. Àgádágodo méjì, irú èyí tí ọlọ́jà ní ayùn ò lè gé, ₦9,000. Mo rò ó pọ̀, ₦100,000 géérégé.

Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024, ₦70,000 ni. Ẹni tó bá ń gba owó yẹn tó sì ń gbé àdúgbò wa, á ṣiṣẹ́ odindi oṣù kan, á tún lé e ní bí ọjọ́ mẹ́tàlá, fún olè tí ò tíì fojú kàn án rí. Mi ò sì tíì ka irin bọ́gíláárì tó wà lójú gbogbo fèrèsé ilé wa, lánlọ́ọ̀dù ló san ìyẹn nígbà tó ń kọ́lé, ó sì ti rò ó mọ́ owó ilé tí mò ń san. (Irin yẹn gan-an máa ń bà mí lẹ́rù. Tí iná bá sọ nínú ilé lóru, ibo la fẹ́ gbà jáde?)

Tá a bá ń sọ̀rọ̀ olè, ohun tí olè gbé lọ la máa ń kà. Tẹlifíṣọ̀n, jẹ́ná, owó inú dúrọ́ọ̀. A kì í ka ohun tá a ń san kó má bàa wá, a kì í sì í ka ohun tá a pa tì torí ẹ̀. Ohun tá a pa tì yìí ló sì pọ̀ jù, kò ní rìsíìtì, kò sí téṣàn tó o máa lọ tí wọ́n á bá ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkàrà kóńgò kan ti sọnù láàárọ̀ yìí, àti láàárọ̀ àná, àti láàárọ̀ ìjẹta.

Ohun míì wà tí mi ò rí títí mo fi ṣírò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni gbogbo ilé ń san. Baba kan wà lópin ọ̀nà wa, jíìpù méjì, fẹ́ǹsì gíga tí wáyà wà lórí ẹ̀, ₦4,000. Màmá Alákàrà, yàrá kan, agbada kan, àdògán kan, ₦4,000. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni olè ń wá bọ̀? Mi ò bá baba yẹn jà o, èèyàn dáadáa ni, òun ló tiẹ̀ ra iná tó wà lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n aago méje ni baba ń jáde nílé, géètì ò dí wọn lọ́wọ́ ohunkóhun. Ẹni tí dúkìá ẹ̀ kéré jù ló ń san jù, ó ń san ₦4,000, ó tún ń fi òwúrọ̀ ẹ̀ san.

Fóònù kan

Ọmọbìnrin kan wà nínú kọ́ḿpáǹdù wa tó ń ṣe irun. Ní nǹkan bí aago méje alẹ́, ọlọ́kadà kan já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Ìwó Róòdù, ọkọ̀ ló ń dúró dè. Tókunbọ̀ ni fóònù yẹn, ₦85,000 ló rà á. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ pé kó dúpẹ́ pé fóònù nìkan ni.

Fóònù nìkan kọ́. Kó tó rí ẹni bá a ti àkáǹtì ẹ̀ pa, wọ́n ti tiráńsífà ₦23,000 kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wá ọ̀nà gba síìmù padà, ọjọ́ méjèèjì ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ó ń wá ìwé ẹ̀rí láti kóòtù, ó ń wá ìwé ọlọ́pàá, ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kọsitọ́mà ẹ̀ sì wà lórí WhatsApp, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fìgbà kan dé ṣọ́ọ̀bù rí, ilé wọn ló máa ń lọ bá wọn. Ìyàwó tuntun kan tó yẹ kó ṣe irun fún ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn pè é títí, kò wọlé, ó lọ wá ẹlòmíì. Ìyàwó yẹn àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin. Ta ló máa ka ìyẹn mọ́ owó fóònù?

Nígbà tí àjọ NBS, àwọn tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, gbé èsì ìwádìí wọn lórí ìwà ọ̀daràn jáde lóṣù kejìlá ọdún 2024, fóònù jíjí ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn èèyàn ní ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn. Kò yà mí lẹ́nu. Fóònù ni ṣọ́ọ̀bù lóde òní, òun ni báńkì, òun ni ìwé orúkọ oníbàárà. Ẹni tó bá já a gbà, ó ti ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì.

Ajínigbé ń bá wa jẹ àmàlà

Àǹtí mi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, ó ti lé ní ogún ọdún. Ṣakí, Ìgbòho, Kíṣí, gbogbo ọjà Òkè-Ògùn yẹn ni wọ́n ti ń lọ rajà. Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ kejì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé fún mi ìdí tí owó èlùbọ́ ò fi rọlẹ̀ kódà lásìkò tí iṣu pọ̀. Wọ́n dárúkọ owó epo ọkọ̀, ìyẹn tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n wá ní, "Ohun tẹ́ ò mọ̀ ni òru." Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ á kẹ́rù tán nírọ̀lẹ́, á gbéra lóru, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn ní Bódìjà. Dírẹ́fà ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ kó tó kúrò lójú kan, bí ilẹ̀ bá sì ṣú bá wọn lọ́nà, wọ́n á dúró sùn. Owó ibi tí wọ́n sùn, owó oúnjẹ, owó ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù, dírẹ́fà náà á fi nǹkan lé owó ẹ̀ torí ẹ̀mí ẹ̀. Ọjọ́ kan tí wọ́n fi ń sùn lọ́nà yẹn, ọjọ́ ọjà kan ló ń bá lọ. Gbogbo ẹ̀ pátá ló wà nínú kóńgò èlùbọ́ tí èmi àtẹ̀yin ń rà. Ajínigbé tí ò mọ orúkọ wa ń bá wa jẹ àmàlà lójoojúmọ́.

Ti lọ́nà nìyẹn o, a ò tíì dé oko. Ṣẹ́ ẹ rántí Olóyè Olú Fálaè? Wọ́n ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó, wọ́n ti díje fún ipò ààrẹ lọ́dún 1999. Ọjọ́ tí wọ́n pé ọdún 77, ìyẹn 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, inú oko wọn ní Ìlàdó lẹ́bàá Àkúrẹ́ ni wọ́n ti jí wọn gbé, ó di ọjọ́ 24 oṣù náà kí wọ́n tó bọ́. Tí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sírú wọn, kí ni baba tó ń fi ọkọ́ ro ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìn Ìgbò-Ọrà fẹ́ ṣe? Lóṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n pa Dókítà Fàtáì Abórọ̀dé tó lóko ńlá ní Ìgàǹgàn. Lóṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàǹgàn kan náà lóru, wọ́n pààyàn, wọ́n dáná sunlé. Ẹ bá mi rò ó, lẹ́yìn irú èyí, ta ló fẹ́ lọ dá oko kejì? Ẹni tó ń ṣe éékà mẹ́wàá á ní kóun rọra ṣe mẹ́ta tó wà lẹ́bàá ilé. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn á wá ọlọ́dẹ tó máa bá a lọ, á sanwó fún un. Éékà méje tí wọn ò gbìn yẹn, kò sí ọlọ́pàá tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n jí i.

Ọdún méje

Nínú èsì NBS tí mo mẹ́nu bà yẹn, iye kan wà tó jẹ́ pé mo ní láti gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí mo kà á. Wọ́n ní láàárín oṣù karùn-ún ọdún 2023 sí oṣù kẹrin ọdún 2024, owó ìtúsílẹ̀ tí àwọn ará Nàìjíríà san fáwọn ajínigbé tó tírílíọ̀nù méjì náírà ó lé díẹ̀, ₦2.23 tírílíọ̀nù. Tírílíọ̀nù ò yé mi, mo sọ òótọ́ fún yín, ọkàn mi ò gbé e. Èyí tó yé mi ni pé tá a bá pín in, nǹkan bíi ₦2.67 mílíọ̀nù ni ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ kàn san. Lásìkò yẹn, ₦30,000 ṣì ni owó oṣù tó kéré jù. Mo fi pín in, ó jẹ́ oṣù mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ó lé lọ́dún méje. Kéèyàn má jẹun, kó má wọkọ̀, kó má ra oògùn fọ́mọ, kó tọ́jú gbogbo owó oṣù ẹ̀ fún ọdún méje àti oṣù márùn-ún kó fi ra èèyàn ẹ̀ padà.

Kò sì sẹ́ni tó ní in nílẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tà, ọkọ̀ ni wọ́n ń tà, èésú tí ìyá ti ń dá láti ìgbà tí ọmọ ti wọ yunifásítì ni wọ́n ń kó. Wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n tó wà ní London, wọ́n ń gbé igbá kiri ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí wọ́n jí á padà délé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìdílé ò padà síbi tí wọ́n wà mọ́. Ṣé ẹ wá rántí pé lóṣù kẹrin ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbá kan pé kí ẹni tó bá san owó ìtúsílẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún 15 ó kéré tán? Mo mọ àlàyé tí wọ́n ṣe, pé owó yẹn ló ń bọ́ àwọn ajínigbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò lè ṣọ́ ọmọ ẹ̀ fún, tó wá fi ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ra ọmọ náà padà, òun náà lẹ fẹ́ tì mọ́lé?

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà ní London tí mo dárúkọ yẹn, ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Wọ́n ti gbé ilé kan dé lẹ́ńtẹ̀ẹ̀lì nílùú wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa wá lo Kérésì níbẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ẹmùré. Látìgbà náà, ẹ̀gbọ́n ò fowó ránṣẹ́ síbi ilé yẹn mọ́. Bíríkìlà tó ń ṣe é ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Káfíńtà ti gba iṣẹ́ òrùlé ẹ̀ sílẹ̀. Ìyá kan ń gbé ìrẹsì wá fáwọn lébìrà lọ́sàn-án. Kò sí ajínigbé tó fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Kí la wá fẹ́ ṣe?

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ní, "Ṣé ká wá wó géètì ni, kí olè máa wá pa wá?" Rárá o. Mo rántí òru ọjọ́ tí wọ́n wọ ilé mẹ́ta yẹn, mo gbọ́ igbe ìyàwó ilé kejì sí tiwa, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Tá a bá ń dáàbò bo ara wa lọ́nà tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ò ní, a ti bá olè parí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Inú sì ń bí mi sí ìjọba, mi ò ní fi bò. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ ní, láti Àbújá ni wọ́n ti ń darí ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ le, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, inú gbogbo wa dùn, inú mi ṣì dùn sí i títí dòní. Àmọ́ owó orí wa ló ń bọ́ ọlọ́pàá, owó orí wa ló ń bọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, a wá tún dá owó ọdẹ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta là ń ra ọjà kan ṣoṣo, a ò sì tíì rí i gbà délé.

Bó ṣe rí nìyẹn títí di mítìn Sátidé tó kọjá. Mo ti tún ojú ìwé yẹn kọ. Mo kọ gbogbo ohun tí Màmá Alákàrà sọ bí mo ṣe rántí ẹ̀, ó kún ojú ìwé kan àti ààbọ̀, mo sì kà á sókè ká tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń wo ilẹ̀. A jiyàn lé e lórí bíi wákàtí kan. Àwọn ọdẹ ní àwọn lè máa ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára géètì láago mẹ́rin àbọ̀ káwọn sì dúró tì í, ṣùgbọ́n ká fi nǹkan lé owó àwọn, torí aago yẹn ló yẹ kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ó jásí ₦500 lórí ilé kọ̀ọ̀kan lóṣù. Mo dìde, mo ní kí Màmá má san ìyẹn, kí wọ́n tiẹ̀ dín owó ọdẹ wọn kù. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní tá a bá yọ̀ǹda ẹnì kan, gbogbo ilé ló máa mú ẹjọ́ tiẹ̀ wá. A nawọ́ sókè, àwọn tó ní kí wọ́n san ló pọ̀ jù.

Màmá tú etí ìró wọn. Wọ́n ka gbèsè oṣù méjì, wọ́n fi ₦500 lé e, wọ́n ní kí n kọ rìsíìtì. ₦8,500. Àwọn ló kọ́kọ́ san.

Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè mo yà lọ́dọ̀ wọn, mo ra àkàrà, mo bi wọ́n bí ọjà ṣe ń lọ. Wọ́n ní àwọn dírẹ́fà ti rí ìyá míì nínú gáréèjì, ṣùgbọ́n méjì ti ń padà wá. Kóńgò kan àti ààbọ̀ ni wọ́n lọ̀ láàárọ̀ yẹn.